Ilé Ọba Tó Jó: Ẹwà fún Ta Ni?

Àwọn àgbà wa a máa pa á lówe pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro. Bí iná bá jó ààfin lónìí, àwọn ará ìlú yóò kóra jọ, wọn yóò sì kọ́ èyí tó dára ju ti àná lọ. Òwe náà dùn ún gbọ́, ó sì ti tu ọ̀pọ̀ ẹni tí àdánù bá nínú. Ṣùgbọ́n ó fi ìbéèrè kan sílẹ̀ láìdáhùn. Ta ni yóò po amọ̀ ilé tuntun náà? Ta ni yóò ru omi? Nígbà tí ẹwà bá sì kún ilé ọba tán, ṣé ẹni tó ru omi yẹn ní ìpín nínú rẹ̀, àbí ojú lásán ni yóò fi máa wò ó?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí pé ó kan gbogbo àwa tí à ń kó ọmọ lọ wo ibi ìṣẹ̀ǹbáyé, ó sì kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń kó lọ. Nígbà tí ènìyàn bá dúró níwájú ògiri àtijọ́ tó lẹ́wà, tí ó sì mọ̀ pé agbára tó kọ́ ògiri náà ni ó kó àwọn baba ńlá òun lẹ́rú, irú ojú wo ni ó yẹ kí ó fi wò ó? Ṣé ó lè yin ẹwà náà láìṣẹ àwọn òkú rẹ̀? Ṣé ó sì lè kẹ̀yìn sí i láìpa ara rẹ̀ lára?

Ààfin tí iná kò pa run

A kò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá gbéra ní Kútọnú tí ó dojú kọ àríwá, ìrìn bí kìlómítà 140 ni yóò gbé e dé Àgbómẹ̀. Láàárín 1625 sí 1900, ọba 12 ni ó jẹ tẹ̀lé ara wọn ní ìjọba náà. Ọba kọ̀ọ̀kan, àfi ẹnì kan péré, kọ́ ààfin tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀, títí ààfin fi di ìlú kan nínú ìlú, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì tó hẹ́kítà 47. Amọ̀ pupa ni ògiri wọn. Lára ògiri ààfin Guézo àti ti Glèlè ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ti fi amọ̀ inú òkìtì ọ̀gán, tí wọ́n fi epo pupa pò, mọ àwòrán tó yọ síta lára ògiri. Wọ́n fi àwọ̀ tí wọ́n mú lára ewéko àti lára ilẹ̀ kùn wọ́n. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀ fún Guézo, kìnnìún wà níbẹ̀ fún Glèlè. Ohun ìjà wà níbẹ̀, ogun sì wà níbẹ̀. Àwọn tí kò fi ìwé pa ìtàn mọ́ ti fi ògiri pa á mọ́.

Ààfin yìí jó ní tòótọ́. Ní oṣù kọkànlá 1892, nígbà tí ọmọ ogun Faransé lábẹ́ Ọ̀gágun Dodds kù díẹ̀ kí wọ́n wọ ìlú, ọba Béhanzin fúnra rẹ̀ ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n tiná bọ ààfin, kí ọ̀tá má baà bá a ní ìdúró. Síbẹ̀, apá iná kò ká gbogbo rẹ̀. Àjọ UNESCO fi ààfin náà sínú àjogúnbá gbogbo àgbáyé ní 1985. Ìjì líle tó jà ní 1984 ti bà á jẹ́, nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ́dún kan náà sínú àwọn ibi tó wà nínú ewu, orúkọ rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 2007. Kí wọ́n tó wó ilé Glèlè kan láti tún un kọ́ ní 1988, wọ́n gé àwòrán 50 yọ lára ògiri rẹ̀. Láàárín 1993 sí 1997, ìjọba wa àti ilé iṣẹ́ Getty ti Amẹ́ríkà fara balẹ̀ tún wọn ṣe. Lẹ́yìn èyí, ní oṣù kọkànlá 2021, Faransé dá ohun ìṣúra 26 padà fún wa nínú èyí tí ọmọ ogun Dodds kó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kútọnú ní 2022 kò ní gbàgbé bí èrò ti pọ̀ tó ní ààfin Marina láti lọ wo ìtẹ́ Guézo àti ti Glèlè. Bí òwe kan bá ti ṣẹ rí, èyí ṣẹ. Ilé ọba jó, ẹwà sì bù sí i.

Ìlú tí a kó

Ṣùgbọ́n kí ni àwọn ògiri náà ń sọ? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìròyìn ìṣẹ́gun ni. Jagunjagun Dàhòmẹ̀ wà lókè, ọ̀tá wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá sì béèrè irú ènìyàn tí ọ̀tá yìí jẹ́, léraléra ni ẹ óò gbọ́ orúkọ kan: Nàgó. Àwa ni. Nínú ohun tí ààfin náà fi ń hàn fún àlejò, ìtẹ́ Guézo kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró lórí agbárí ènìyàn mẹ́rin. Ìtàn àbáláyé tilẹ̀ sọ pé ẹ̀jẹ̀ ìgbèkùn wà nínú omi tí wọ́n fi po amọ̀ àwọn ilé kan nínú ààfin náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá kúrò ní Àgbómẹ̀, kí a dojú kọ ìhà ìlà-oòrùn, kí a lọ sí Kétu. Ọ̀kan ni Kétu jẹ́ nínú àwọn ìlú tí ìtàn so mọ́ Odùduwà. Yàrà jíjìn yí i ká, odi sì wà lẹ́yìn yàrà. Ẹnu bodè rẹ̀ tó lókìkí jù ni Àkàbà Ìdènà, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: kí ó dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó bá ń bọ̀ pẹ̀lú ibi. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ó fi ṣe iṣẹ́ náà. Ní ayé Glèlè ni agbára rẹ̀ pin. Ogun Dàhòmẹ̀ kọ́kọ́ jà á ní 1883, wọ́n pa Alákétu Òjẹkú. Wọ́n tún padà wá, wọ́n dó ti ìlú fún oṣù bíi mélòó kan títí ebi fi wọ inú odi, Kétu sì ṣubú ní 1886. Wọ́n jó o. Àwọn tí idà kò pa ni wọ́n dè lókùn lọ sí Àgbómẹ̀. Kétu di ahoro. Lẹ́yìn tí Àgbómẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣubú ní 1892 ni àwọn tó ṣẹ́kù nínú ìgbèkùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, wọ́n gé igbó tó ti hù sí ojúde baba wọn, wọ́n sì tún ìlú tẹ̀ dó.

Ìlú méjèèjì ni ó jó, ọdún mẹ́fà péré ni ó sì wà láàárín iná méjèèjì. Lónìí, ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń sáré lọ sí ọ̀kan. Ní èkejì, ẹnu bodè kan dúró jẹ́ẹ́, yàrà tí pàǹtí ati koríko ń dí díẹ̀díẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìlú tí ọba yẹn jó ńkọ́?

Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Kútọnú. Lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo, ọmọ Fọ̀n, ọmọ Gùn, ọmọ Mahi àti ọmọ Nàgó jọ ń jókòó. Nígbà tí mo kó wọn lọ sí Àgbómẹ̀, afinimọ̀nà wa, bàbá kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, dúró níwájú àwòrán ogun kan. Ó sọ orúkọ ọba fún wa, ó sọ oríkì rẹ̀, ó sọ orúkọ ẹgbẹ́ tí jagunjagun náà wà. Ọmọbìnrin kan láti Kétu na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, kí ni orúkọ ẹni tó wà nílẹ̀ yìí?"

"Nàgó ni, ọmọ mi."

"Mo mọ̀ pé Nàgó ni, bàbá. Èmi náà Nàgó ni. Orúkọ rẹ̀ ni mo ń béèrè."

Bàbá náà dákẹ́. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀, nítorí ohun tí a kò fi lé ènìyàn lọ́wọ́, kò lè fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹni tó mọ ògiri náà kò ka orúkọ ẹni ilẹ̀ sí ohun tó yẹ ní pípamọ́. Nígbà tí a wà nínú ọkọ̀ tí à ń bọ̀, ọmọkùnrin kan tí ilé baba rẹ̀ wà ní Àgbómẹ̀ súnmọ́ mi, ó rọra béèrè pé: "Ọ̀gá, ṣé èmi ni ó ń bá wí?"

Ìbéèrè méjèèjì yìí, ti ọmọbìnrin náà àti ti ọmọkùnrin náà, ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ dúró lé. Ìdáhùn tó bá tẹ́ ọ̀kan lọ́rùn tí ó sì fi èkejì sílẹ̀ kò tíì pé.

Ìdáhùn mẹ́ta tí a sábà máa ń gbọ́

Àwọn kan a máa sọ pé ohun tó ti kọjá ti kọjá, kí a má ṣe tún egbò jíná hó. Mo mọ ohun tí ń bà wọ́n lẹ́rù. Orílẹ̀-èdè wa kéré, a ti fẹ́ ara wa, a ti bí ọmọ fún ara wa, bóyá ni ẹnìkan wà nínú wa tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá láti orísun kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà sọ pé ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ìgbàgbé kì í rí bákan náà lára àwọn méjèèjì. Fún ilé tó ṣẹ́gun, ìgbàgbé túmọ̀ sí pé kí a fi ohun tó burú sílẹ̀, kí a sì di ohun tó dára mú, nítorí ìtẹ́ ṣì wà, ògiri ṣì wà, orúkọ ṣì wà. Fún ilé tí a kó lẹ́rú, bí a bá mú ìrántí kúrò, kò sí ohun mìíràn tó kù. Ẹni tó bá sọ pé kí àwọn méjèèjì jọ gbàgbé, ọ̀kan nínú wọn nìkan ni ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kejì a máa sọ pé kí a má lọ. Kí ni ọmọ Kétu ń wá lọ sí ààfin Glèlè? Àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ní kí òjò wó o, kí ó di ilẹ̀. Ìbínú yìí ní ìdí, ṣùgbọ́n kò ní èrè. N ó padà sí i láìpẹ́.

Àwọn kẹta ni wọ́n pọ̀ jù lóde òní. Wọ́n ní gbogbo wa ti di ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ògo Àgbómẹ̀ sì ti di ògo gbogbo wa. Ère obìnrin jagunjagun tó ga ní mítà 30, tí wọ́n ṣí ní Kútọnú ní 30 oṣù keje 2022, ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń sọ. Gbogbo ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ ni ó ń gbójú sókè wò ó, àwọn ọmọbìnrin wa sì ń rí i pé obìnrin náà lè dúró ṣinṣin. Èyí dára. Akíkanjú ni àwọn obìnrin wọ̀nyẹn níwájú ìbọn Faransé ní 1892, ẹnikẹ́ni kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ogun kan náà ni ó gun odi Abẹ́òkúta ní 1851 àti ní 1864, Kétu sì mọ̀ wọ́n bákan náà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni òtítọ́. Bí a bá sọ ọ̀kan fún ọmọ tí a sì fi èkejì pamọ́ fún un, a ti sọ ọ́ di ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, a sì mọ ohun tí Yorùbá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ògo tí a fẹ́ jọ pín, ó yẹ kí a jọ ka ìṣirò rẹ̀ kí a tó pín in.

Ohun tí Kàǹbódíà fi hàn wá

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ní kí ògiri wó. Mo fẹ́ mú àpẹẹrẹ kan wá láti ilẹ̀ Éṣíà, ní orílẹ̀-èdè kan tí Faransé ṣàkóso rẹ̀ bíi tiwa, èyíinì ni Kàǹbódíà. Nígbèríko ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ní ẹkùn Banteay Meanchey, tẹ́ńpìlì ńlá kan wà tí a ń pè ní Banteay Chhmar. Ọba Khmer kan tó ń jẹ́ Jayavarman Keje, ẹni tó gorí ìtẹ́ ní 1181, ni ó kọ́ ọ. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, igbó sì ti gba apá púpọ̀ nínú rẹ̀, gbòǹgbò igi ti wọ àárín òkúta, ọ̀pọ̀ òkúta sì ti ṣubú lé ara wọn. Lára ògiri rẹ̀, bíi ti Àgbómẹ̀, ogun ni wọ́n gbẹ́: ogun Khmer pẹ̀lú àwọn Cham, tí wọ́n ti kọ́kọ́ wá kó ìlú ọba Khmer. Àwọn Cham ṣì wà ní Kàǹbódíà títí dòní, Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọmọ Cham tó bá lọ wo ògiri náà, ojú tí ọmọ Kétu fi ń wo Àgbómẹ̀ ni òun náà yóò fi wò ó.

Ní ìparí 1998, àwọn olè wó apá kan nínú ògiri Banteay Chhmar, wọ́n sì kó òkúta rẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ọlọ́pàá Táílándì gba èyí tó lé ní 100 lọ́wọ́ wọn ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn òkúta náà sì padà sílé. Irú olè yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní 1923, ọ̀dọ́mọkùnrin Faransé kan gé ère yọ lára tẹ́ńpìlì Banteay Srei ní orílẹ̀-èdè kan náà. Wọ́n mú un, ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi. André Malraux ni orúkọ rẹ̀, òun kan náà ni ó di mínísítà àṣà ní Faransé ní 1959.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Bí àwọn olè bá rí gbogbo ògiri Banteay Chhmar kó lọ, ta ni yóò pàdánù? Àwọn Khmer yóò pàdánù ògo ọba wọn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn Cham náà yóò pàdánù. Ojú wọn wà lára òkúta yẹn, aṣọ ogun wọn wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi wọn wà níbẹ̀. Ọ̀tá ni ó gbẹ́ wọn, ó sì gbẹ́ wọn kí ó lè fi wọ́n yangàn; síbẹ̀ ó ti jẹ́rìí pé wọ́n wà, pé wọ́n jà, pé ẹni tó ṣẹ́gun wọn kà wọ́n sí ìṣẹ́gun tó yẹ láti fi yangàn.

Bákan náà ni ti Àgbómẹ̀ rí. Ẹni tó fi amọ̀ mọ Nàgó sórí ògiri kò ní in lọ́kàn láti bọlá fún Nàgó. Ṣùgbọ́n bí òjò bá wó ògiri náà lónìí, ẹ̀rí tí aṣẹ́gun fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni yóò bá a lọ. Lọ́la, bí ẹnìkan bá dìde tí ó ní a kò kó ẹnikẹ́ni lẹ́rú rí, kí ni a ó fi dá a lóhùn? Nítorí náà, èmi kò fẹ́ kí ògiri kankan wó. Ọmọ Kétu ní ẹ̀tọ́ sí ògiri Àgbómẹ̀, ẹ̀tọ́ tí ẹni tí a dárúkọ nínú ìwé ní sí ìwé náà.

Ọwọ́ tó po amọ̀

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ rèé. Ọ̀rọ̀ ẹwà ńkọ́? Ṣé a lè yìn ín?

Mo gbà pé a lè yìn ín, bí a bá mọ ohun tí à ń yìn. Iṣẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ sí ìṣe. Nígbà tí mo bá rí bí oníṣẹ́ ọnà kan ṣe fi amọ̀ lásán mú kìnnìún dìde lára ògiri, ọpọlọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ àti sùúrù rẹ̀ ni mò ń yìn. Ogun tí a rán an pé kí ó fi ṣe àwòrán, èmi kò yìn ín. Ẹni tó bá ní a kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, kí ó rántí pé ojoojúmọ́ ni à ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ń yin ohùn arókin tó mọ ìtàn sọ, bí a tilẹ̀ mọ̀ pé ọba tó ń kì kò fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe rere.

Ohun mìíràn tún wà. Ọwọ́ ta ni ó ṣe ẹwà náà? Ère irin òrìṣà Gou, èyí tí àwa ń pè ní Ògún, wà ní Louvre ní Paris títí di ìsinsìnyí. Kò sí lára 26 tó padà. Akati Ekplékendo ni alágbẹ̀dẹ tó ṣe é fún Glèlè, ìtàn sì sọ pé ogun ni ó gbé e wọ Dàhòmẹ̀, pé ìgbèkùn ni. Òrìṣà náà wá láti ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni Fá tí àwọn Fọ̀n ń dá wá láti inú Ifá. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń pe ẹwà Àgbómẹ̀ ní ẹwà ọba nìkan, a tún ń kó àwọn tí a kó lẹ́rú nígbà kan lẹ́rú lẹ́ẹ̀kejì: lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n gba ara wọn, lẹ́ẹ̀kejì, a gba iṣẹ́ wọn. Ẹni tó ru omi ní ìpín nínú ilé. Ìpín yẹn ni ó yẹ kí a máa fi ẹnu wa sọ níwájú ògiri.

Ohun kan ṣoṣo ni n kò gbà: kí a fi ẹwà san gbèsè. Bí afinimọ̀nà bá kọjá lára agbárí mẹ́rin tó wà lábẹ́ ìtẹ́, tí ó kan sọ pé ìtẹ́ náà lẹ́wà, ó ti fi ẹwà bo òkú mọ́lẹ̀. Kí ó sọ pé ó lẹ́wà, kí ó sì sọ pé orí ènìyàn ni. Ọ̀rọ̀ kejì kò ní pa ti àkọ́kọ́.

Ògiri tiwa náà

Kí inú wa má tíì dùn jù, àwa Nàgó. Ó yẹ kí a yí ojú sí ẹ̀yìn ọ̀la wa náà. Kí Guézo tó jẹ ọba, nǹkan bí ọdún 90 ni Dàhòmẹ̀ fi ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ lọ́dọọdún. Ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ya bo ilẹ̀ wọn kí wọ́n tó gbà láti máa san án. Nígbà tí Guézo bọ́ àjàgà yẹn kúrò lọ́rùn wọn ní nǹkan bí 1820 sí 1830, òmìnira ni àwọn Fọ̀n pè é, òmìnira náà sì ni. Ọ̀yọ́ yìí kan náà sì ń ta ẹrú lọ sí etíkun ní Àjàṣẹ́ ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ọ̀yọ́-Ilé náà ti di ahoro láti nǹkan bí 1835. Àlàpà odi rẹ̀ wà nínú igbó ọba ní Nàìjíríà. Bí ọmọ Fọ̀n bá lọ dúró síbẹ̀, ṣé a ó dára pọ̀ mọ́ ọn láti ka ìṣirò tiwa, àbí a ó kàn fi ẹwà Ọ̀yọ́ hàn án?

Èyí ni mo rí fi dá ọmọkùnrin Àgbómẹ̀ yẹn lóhùn nínú ọkọ̀. Mo ní: "Rárá, ọmọ mi, ìwọ kọ́ ni ó ń bá wí. Ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ogún. Ṣùgbọ́n ìtàn, ogún ni. Bí o bá jogún ìtẹ́, o jogún ohun tó wà lábẹ́ ìtẹ́ náà. Ohun tí ó sì kàn ọ́ láti ṣe sí i ni pé kí o má ṣe purọ́ nípa rẹ̀." Ohun kan náà ni mo sọ fún ọmọbìnrin Kétu nígbà tí ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ dé nínú kíláàsì. Kò dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Bí ó ṣe yẹ kí a máa lọ

Tí a bá gbà pé bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyí, ó yẹ kí ó hàn nínú bí a ṣe ń rìnrìn-àjò wa. Ẹgbẹ́ wa a máa ṣètò ìrìn-àjò fún àwọn ọ̀dọ́, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ń ṣe é. Àgbómẹ̀ nìkan ni a sábà máa ń lọ, nítorí ibẹ̀ ni ohun tí a lè wò wà. Mo dá a lábàá pé kí a má ṣe kó ọmọ kankan lọ sí Àgbómẹ̀ láìkó o lọ sí Kétu. Kí ó kọ́kọ́ dúró lẹ́bàá yàrà, kí ó wo bí ó ṣe jìn tó, kí ó ro ohun tó lè lé ènìyàn dé ibi tí yóò fi gbẹ́ irú kòtò bẹ́ẹ̀ yí ilé ara rẹ̀ ká. Lẹ́yìn náà kí ó wá lọ wo ògiri. Ẹni tó bá ti rí bodè Kétu kí ó tó rí àwòrán Glèlè, ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni ilẹ̀.

Mo tún dá a lábàá pé kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ní àgbà nílé ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Ìdáìṣà, tàbí ní abúlé Mahi, bi wọ́n léèrè orúkọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀pọ̀ ilé ṣì mọ orúkọ ìyá àgbà tó lọ tí kò bọ̀, tàbí ti baba àgbà tó padà láti Àgbómẹ̀ lẹ́yìn 1892. Kò sí lára ògiri kankan. Inú oríkì ni ó wà, tàbí inú orúkọ tí a sọ ọmọ kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá àti ní Faransé. Ìwé ìròyìn yìí kò ní kọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ Àgbómẹ̀, ẹ bi àwọn tiyín náà léèrè. Ilé púpọ̀ ní Àgbómẹ̀ ni ó ní ìyá àgbà tó jẹ́ Nàgó, tí wọ́n mú wá láti ojú ogun, tí ó sì bímọ síbẹ̀. Òun náà wà nínú ilé, bóyá ẹnikẹ́ni kò tíì bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó ti wá.

Nígbà tí orúkọ bá ti pọ̀ díẹ̀, kí a kó wọn lọ bá àwọn bàbá afinimọ̀nà ní Àgbómẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí a ní: "Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti sọ ti ọba tán, ẹ bá wa sọ èyí náà." Wọ́n ní ẹnu tó dùn, wọn yóò mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́. A lè má mọ ẹni tó wà nílẹ̀ nínú àwòrán yẹn láéláé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá tún na ọwọ́ sókè yóò gbọ́ orúkọ ènìyàn kan, ó kéré tán, tí ó lè jẹ́ òun.